Àwọn Àpò Àpérò Ìyá Mi

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá ìyá mi ni àwọn àpò náà wà. Orí ìṣó ló kọ́ wọn sí, ọ̀kan lórí èkejì. Irú àpò tí wọ́n máa ń há fún èèyàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó bá dé àpérò ńlá ni: bírò kan, ìwé rẹpẹtẹ, àti àwòrán ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín lára aṣọ rẹ̀. Èmi ni mo ń kó wọn wá sílé. Ìyá mi ló ń da ìwé inú wọn sẹ́bàá ààrò. Ó ní ìwé tiwa tètè máa ń gbiná. Lẹ́yìn náà ni yóò wá kó ẹrù gidi sínú àpò. Ti Àbújá, ata gbígbẹ ló wà níbẹ̀. Ti Àdìsì Àbábà, ẹ̀gúsí. Ti Jìnéfà, èyí tí aṣọ rẹ̀ ki jù, tí wọ́n ya gbogbo ayé sí lára, tí àwọn ọmọ kéékèèké di ọwọ́ ara wọn mú yí i ká, irúgbìn àgbàdo ló wà nínú tiẹ̀, nítorí pé eku ò rí i gé.

Ó rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹni tó ń kà á má baà rò pé ìwé ìyìn ni mo fẹ́ kọ. Mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú ọmọdé ní ìjọba ìbílẹ̀, iṣẹ́ tí àwọn ará Ìlá ń pè ní wẹ́fíà. Ọmọ tí bàbá kọ̀, ọmọ tí ìyá gbé sílẹ̀ lọ, ọmọ tí wọ́n nà bí ẹni na ewúrẹ́ tó jẹṣu, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń kó wọn wá. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ohun tí mò ń kọ yìí. Iṣẹ́ náà ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. A kì í gbé orúkọ ọmọ ọlọ́mọ kiri.

Bí mo ṣe di èrò àpérò kò yé èmi gan-an. Wọ́n nílò ẹnìkan láti ìgbèríko, ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò sì ní bú ìjọba níta. Ọ̀gá mi nígbà náà ní kí n lọ. Mo lọ, mo jókòó jẹ́ẹ́, mo kọ nǹkan sílẹ̀, mo dúpẹ́. Àṣé ohun tí wọ́n ń fẹ́ nìyẹn. Wọ́n tún pè mí, mo tún lọ. Nígbà tó yá, bí wọ́n bá ti ń pàdé lórí ọ̀rọ̀ ọmọdé níbikíbi, wọ́n á ti fi àga tèmi sílẹ̀.

Ẹni tó bá ti lọ sí ọ̀kan ti lọ sí gbogbo wọn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dìde sọ̀rọ̀, ìtàn ni yóò kì mọ́lẹ̀. Á ní lẹ́yìn ogun ńlá àkọ́kọ́ tí àwọn òyìnbó bá ara wọn jà, obìnrin kan dìde láàárín wọn, ó ní ọmọ ọ̀tá, ọmọ náà ni, ebi sì ń pa á. Wọ́n bú u, kò dákẹ́. Níkẹyìn wọ́n kóra jọ sí Jìnéfà, wọ́n gba ìwé kékeré kan wọlé: ọmọ tí ebi ń pa, kí a bọ́ ọ, èyí tó ń ṣàìsàn, kí a tọ́jú rẹ̀, èyí tí kò lẹ́nìkan, kí a gbà á sílé. Ìwé kékeré, ọ̀rọ̀ ńlá. Ìwé náà ò tíì gbó tí ogun kejì fi dé, tó gbá ọmọdé àti àgbà lọ. Wọ́n tún kóra jọ, wọ́n kọ òmíràn, èyí gùn díẹ̀ sí ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ya odidi ọdún kan sọ́tọ̀ fún ọmọdé, tí gbogbo ayé ń kọrin. Lẹ́yìn ọdún náà ni ìwé àdéhùn gan-an dé, ó gùn bí ọ̀nà Ọ̀rà lásìkò òjò, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí orílẹ̀-èdè tí kò tọwọ́ bọ̀ ọ́. Àwa aláwọ̀ dúdú ní kò tó, a lọ kọ tiwa, a fi kún un pé ọmọ náà ní ojúṣe tirẹ̀, kó máa bọ̀wọ̀ fún òbí àti àgbà. Nàìjíríà sọ ọ́ di òfin ní Àbújá, àwọn ìpínlẹ̀ tún gbé e wọ ilé ìgbìmọ̀ tiwọn. Bí ìtàn bá ti dé ibẹ̀, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ní ká lọ mu tíì.

Mo ti gbọ́ ìtàn yìí débi pé mo lè sọ ọ́ lójú oorun. Mo máa ń sọ ọ́ fún ìyá mi nígbà tí mo bá dé, bó ṣe ń bó ẹ̀gúsí. Ìyá mi kì í sì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá lásán.

"Gbogbo àwọn tó ń ṣèpàdé yìí," ó bi mí lọ́jọ́ kan, "ta ló ń bá wọn tọ́jú ọmọ tiwọn nílé?"

Mo ní n kò bi wọ́n.

"Bí o bá padà débẹ̀, bi wọ́n."

Ìgbà tí mo sọ fún un pé àwọn aláwọ̀ dúdú fi ìbọ̀wọ̀ fún àgbà sínú ìwé tiwọn, ó sọ ẹ̀gúsí ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Èyí dáa o. Ṣùgbọ́n ṣé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí àgbà náà máa ṣe bí àgbà?"

Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Mo ṣì lágbára láti rẹ́rìn-ín.

Ní Jìnéfà, wọ́n mú ọmọbìnrin kan wá láti orílẹ̀-èdè kan, kó wá bá wa sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àsìkò ti tó láti gbọ́ ohùn ọmọ fúnra rẹ̀. Ọmọ náà ń sọ nípa omi ìlú wọn tó korò, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà, wọ́n lu aago fún un. Àsìkò ti lọ. Wọ́n ní kó súnmọ́ àwọn èèyàn pàtàkì kí wọ́n ya fọ́tò. Ó rẹ́rìn-ín sí fọ́tò náà. Ó ṣeé ṣe kó wà lára àpò ẹlòmíràn báyìí.

Lẹ́yìn ọ̀kan nínú àwọn àpérò wọ̀nyí ni àwọn kan ṣèlérí pé wọn yóò kọ́ ilé fún àwọn ọmọ aláìlẹ́nìkan ní agbègbè tiwa, kí a má baà máa kó wọn lọ sọ́nà jíjìn. Inú mi dùn, kí n má purọ́. Wọ́n fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, wọ́n jẹun, wọ́n sọ̀rọ̀. Ògiri gòkè dé ibi tí fèrèsé yẹ kó wà, ó dúró. Títí di òní, ó dúró. Ewúrẹ́ ló ń sùn níbẹ̀, wọ́n sì máa ń bímọ síbẹ̀, torí náà a kò lè sọ pé kò wúlò fún ọmọ rárá.

Ọjọ́ ọdún ni wọ́n rí ọmọ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Ẹni tó bá mọ Ìlá lásìkò ọdún mọ bó ṣe máa ń rí. Àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní òkè òkun, á ya wálé. Mọ́tò á kún gáréèjì. Ọmọ tí ẹnì kankan kò mọ̀ á máa sáré kiri ojúde, a ó sì máa bọ́ wọn, nítorí ọmọ ilé kan ṣáà ni. Ọmọbìnrin kékeré kan jókòó sórí àpò láfún ní gáréèjì, ẹsẹ̀ kan bàtà ló wọ̀. Gbogbo ẹni tó kọjá ló fún un ní nǹkan: ẹran, mọ́ín-mọ́ín, mínírà. Ẹnìkan tilẹ̀ fi gèlè rẹ̀ ṣíji oòrùn fún un. Kò sí ẹni tó bi í pé ta ló ni ín. Kálukú ti gbà pé ọmọ ará Èkó ni, ìyá rẹ̀ á wà nítòsí. Ìwà ọmọlúàbí wa ló bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ìgbà tí ọdún parí, tí mọ́tò tán ní gáréèjì, ló tó ku òun àti àpò láfún.

A kéde lórí rédíò. A kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì, a kéde ní mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. A ránṣẹ́ sí Òkè-Ìlá, a ránṣẹ́ sí Ọ̀rà, títí dé Ọ̀tan. Ẹnìkan kò yọjú. Ọmọ náà kò lè sọ ju "mọ́mì" àti "omi" lọ. Ilé tó yẹ kó gbà á, ewúrẹ́ ti gbà á. Ni kọ́ọ̀tù bá ní kí n máa tọ́jú rẹ̀ lọ lọ́wọ́ ìjọba fún ìgbà díẹ̀. Ilé ìyá mi ni èmi náà ń gbé látìgbà tí ọkọ mi ti kú, nínú agboolé bàbá mi, pẹ̀lú àbúrò mi ọkùnrin àti àwọn ọmọ rẹ̀. Mo gbé ọmọ náà lọ síbẹ̀.

Ẹ̀yin tó mọ "ìgbà díẹ̀" ìjọba, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Eyín ọmọ náà ká, òmíràn hù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọnmi. Ó wọ ilé ìwé. Ó ń sọ Ìgbómìnà tó ki ju tèmi lọ, èmi tí Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá inú rédíò ti ba ẹnu mi jẹ́.

Ìyá mi fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ má ṣì mí gbọ́ lórí èyí. Ìyá mi ló ń fi òrí pa á lára lásìkò ọyẹ́. Ẹran ẹnu ìyá mi, ọmọ náà ló ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìyá mi kì í ṣe fún un, ohun náà sì ni gbogbo wàhálà.

Gbogbo ẹni tí wọ́n tọ́ nílé àgbà mọ bí àárọ̀ ṣe máa ń rí. Ọmọ á jí, á bọ́jú, á lọ kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá mi. "Ẹ káàárọ̀, Ìyá Àgbà." Ìyá mi á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì ilé wa fún un: "Ọmọ a-gbinṣu-sẹ́bàá-ọ̀nà, kí àlejò má febi sùn. Ọmọ a-fọ̀nà-ṣoko, a-foko-ṣọ̀nà…" Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa bá a lọ, ohùn rẹ̀ á rọ̀, ọmọ náà á tẹ orí ba. Ọmọ kankan kì í dìde títí tí yóò fi kí i tán. Bí àwọn ọmọ àbúrò mi ti ń jí ni wọ́n ń lọ gba tiwọn. Bí ọmọ gáréèjì bá kúnlẹ̀, ìyá mi á ní, "Pẹ̀lẹ́ o. Ṣé o jí dáadáa?" Ó tán. Ọmọ náà á dìde, á lọ gbálẹ̀.

Nígbà tó wà ní kékeré, kò fura. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọgbọ́n ṣe é. Á dúró de ọmọbìnrin àbúrò mi, wọ́n á jọ lọ kúnlẹ̀ ní èjìká sí èjìká, bóyá oríkì náà á ta sí òun náà lára. Ìyá mi á ní, "Ìwọ, pẹ̀lẹ́ o, lọ wo iná fún mi." Ó dìgbà tó bá lọ tán kí ìyá mi tó máa ki ti ọmọ àbúrò mi. Mo máa ń wà nínú yàrá, n óò gbọ́ ìró bàtà ọmọ náà bó ṣe ń lọ sí ìdí ààrò tí iná kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Ó ń dùn mí dé egungun.

Ọjọ́ kan inú bí mi. Mo ní, "Ìyá, ẹnu lásán ni. Kí ló máa ná yín? Ẹ kí ọmọ náà!"

"Ṣé ọmọ bàbá rẹ ni?"

"Ọmọ ọwọ́ wa ni."

Ìyá mi ní kí n jókòó. Ó wá sọ ohun tí kò sọ fún mi rí. Ó ní òun ní àbúrò obìnrin kan tó sọnù lọ́jà nígbà tí wọ́n wà ní ọmọdé. Àwọn kan nílùú òkèèrè rí i, wọ́n tọ́ ọ, wọ́n tọ́ ọ re, wọ́n sì ń fi oríkì ilé tiwọn kí i. Ìgbà tí wọ́n fi rí i, ó ti lọ sílé ọkọ. Ìyá wọn sáré lọ bá a, ó ń ki oríkì ilé bàbá rẹ̀ fún un bó ṣe ń bọ̀ lọ́nà. "Àbúrò mi bojú wẹ̀yìn," ni ìyá mi wí. "Ó rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń kí. Ìyá wa ò bọ́ nínú ìyẹn títí tó fi kú. Ìwọ wá ní kí n ṣe é fún ìyá ọmọ yìí, níbikíbi tó bá wà? N kò ṣe é."

Gbogbo àpérò tí mo lọ ló sọ pé ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ sí mímọ àwọn tó bí i. Gbogbo wọn náà ló sọ pé ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ilé tí yóò máa pè é ní tiwọn. Ẹ̀tọ́ kan jókòó sínú yàrá ìyá mi, èkejì kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. N kò dé àpérò kankan tí wọ́n ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bá irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀ parí ìjà. Mo wọlé, mo lọ sùn.

Lẹ́yìn náà ni mo fẹ̀yìn tì. Wọ́n fún mi ní káàdì, wọ́n gbàdúrà fún orúnkún mi. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìjọba ni ọmọ náà wà, èmi kò sì sí lọ́wọ́ ìjọba mọ́. Kọ́ọ̀tù ní ọ̀nà méjì ló kù: kí ilé wa gbà á pátápátá gẹ́gẹ́ bí ọmọ, kó máa jẹ́ orúkọ wa, tàbí kó lọ sí ilé ìtọ́jú ọmọdé ní Òṣogbo. Mo ní mo fẹ́ ẹ. Adájọ́, obìnrin tó ní sùúrù, ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni mí, agboolé ni ọmọ náà yóò bá gbé bí mi ò bá sí mọ́, kí àgbà agboolé wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn ọkùnrin ilé wa ní ohun tí Ìyá bá ti wí ni abẹ gé. Òun ló dàgbà jù láàárín wa.

A gbé ìyá mi lọ sí kọ́ọ̀tù. Ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

Adájọ́ ní, "Màmá, ṣé ẹ gbà pé ọmọ ilé yín ni ọmọ yìí láti òní lọ?"

"Mo fẹ́ràn rẹ̀," ni ìyá mi dáhùn. "Bó bá wà lọ́dọ̀ mi títí láé, n kò ní kùn. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí n wí pé ọmọ ilé wa ni. Èmi ò mọ ilé tí wọ́n ti bí i. N kò lè fi ẹnu àgbà jí ọmọ gbé."

Adájọ́ wò mí. Mo wo ilẹ̀. Ọmọ náà wà níbẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Adájọ́ mí kanlẹ̀, ó ní kó lọ sí Òṣogbo. Ó ní bí ilé wa bá yí ohùn padà kí mọ́tò tó wá gbé e, kí a wá sọ fún òun. Bí a ṣe ń padà lọ sílé, ọmọ náà ló di ìyá mi lọ́wọ́ mú kó má baà fẹsẹ̀ kọ.

Ẹ ò gbọdọ̀ rò pé àpérò ti fi mí sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n pè mí sí òmíràn, lórí fóònù lọ́tẹ̀ yìí, èyí tí kálukú máa ń jókòó sílé rẹ̀ tí ojú wọn á tò bí ẹyin nínú páálí. Àwọn èèyàn láti gbogbo ayé wà níbẹ̀. Wọ́n ki ìtàn mọ́lẹ̀, obìnrin àti ogun àti ìwé kékeré, mo ń bá wọn sọ ọ́ lábẹ́ ẹnu. Nígbà tó kàn mí, mo pinnu pé n kò ní ka ohun tí mo kọ sílẹ̀. Mo fẹ́ bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ ọmọ yìí, bóyá ẹnìkan láyé ti rí irú rẹ̀ rí. Mo ní, "Ọmọ kan wà nílé mi…" Nẹ́tíwọ́kì lọ. Ìgbà tó fi padà dé, alága ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún ọ̀rọ̀ iyebíye tí mo sọ. Mo pa fóònù náà. Ìyá mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Ṣé wọ́n ti lọ mu tíì ni?"

Ọjọ́ tí mọ́tò máa wá, n kò lè dì í lẹ́rù. Ìyá mi ló ṣe é. Ó lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó já àpò Jìnéfà lórí ìṣó, ó da irúgbìn àgbàdo inú rẹ̀ sí igbá kan, ó gbọn àpò náà dáadáa. Ó ká aṣọ ọmọ náà sínú rẹ̀, èyí tí mo fọ̀ àti aṣọ ilé ìwé, ó fi òrí ọyẹ́ sí i, ó fi àkàrà tó dín láàárọ̀ náà lé e lórí. Ó ní kó gbé àpò tó lágbára lọ, kí wọ́n má baà fojú aláìní wò ó níbẹ̀.

Ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ló wá, ọmọbìnrin tí èmi fúnra mi kọ́ níṣẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá mi, ó gbé àpò náà, ó dúró. Ojú ń tì í. N kò bá a wí, òfin ló rán an.

Ọmọ náà wá kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá, níbi tó ti ń kúnlẹ̀ láàárọ̀ gbogbo.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Àgbà."

"Pẹ̀lẹ́ o," ni ìyá mi wí. "Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹ. Máa gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu."

Ọmọ náà kò dìde.

A dúró dè é. Dírẹ́bà fun fèrè níta. Mo ní, "Dìde, ọmọ mi, ọ̀nà jìn."

"Ìyá Àgbà ò tíì kí mi tán," ó wí.

"Mo ti kí ẹ," ni ìyá mi wí.

"Ẹ ò tíì kí mi tán, Ìyá." Kò gbé ojú sókè, kò sì sunkún. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń rán àgbà létí ohun tó gbàgbé. "Bí wọ́n bá bi mí níbẹ̀ pé ọmọ ibo ni mí, kí ni kí n wí?"

Àwọn ọmọ àbúrò mi ti dúró nínú ọgbà, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Dírẹ́bà tún fun fèrè. Ìyá mi wo ọmọ tó tẹ orí ba yẹn, ó wò ó pẹ́, ojú rẹ̀ ń lọ jìnnà bí ẹni tó ń wo ọjà kan tó ti tú tipẹ́. Ó fọwọ́ ti férémù ilẹ̀kùn, ó rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ó fi jókòó sí ìloro, ó sì gbé ọwọ́ lé ọmọ náà lórí.

"Ọmọ a-gbinṣu-sẹ́bàá-ọ̀nà," ó bẹ̀rẹ̀. Ó wúkọ́, ó tún un gbé. "Ọmọ a-gbinṣu-sẹ́bàá-ọ̀nà, kí àlejò má febi sùn. Ọmọ a-fọ̀nà-ṣoko, a-foko-ṣọ̀nà…" Ó kì í títí. Kò fo ọ̀kan. Àwọn ibi tí kì í dé láàárọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ bá dí, ó dé ibẹ̀. Ọmọ náà ò mira. Ìgbà tí ìyá mi kí i tán, ọmọ náà dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù, ó sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi.

Mo sunkún. N kò fi ṣe àṣírí, mo sunkún bí ọmọdé.

Ìyá mi kò tilẹ̀ wò mí. Ọmọbìnrin tó wá láti ọ́fíìsì ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìwọ, padà. Lọ sọ fún adájọ́ yẹn pé mo ti kí i. Ẹni tí mo bá ti kí nínú ilé yìí, ilé yìí ló ti ń jẹun."

"Màmá, bí àwọn òbí rẹ̀ bá wá wá a ńkọ́?"

"Kí wọ́n máa bọ̀. Kí wọ́n wá ki tiwọn mọ́ ọn. Ṣé oríkì ń wúwo lórí ni?"

Ọmọbìnrin náà gbé àpò Jìnéfà kalẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì jáde lọ bá dírẹ́bà. A gbọ́ tí mọ́tò yí padà. Ìyá mi fa àpò náà sọ́dọ̀, ó ń kó aṣọ ọmọ náà jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń kó wọn lé mi lẹ́sẹ̀. Ìgbà tí àpò ṣófo, ó tọ́ka sí igbá tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Bá mi da àgbàdo mi padà síbẹ̀," ó sọ fún ọmọ náà, "kí eku tó gbọ́ pé a yọ ọ́ síta."